Sìlífátù àti Àpótí Aláwọ̀ Ìyeyè

Ìdí aró ni wọ́n bí Sìlífátù sí ní Ìtòkú, gbogbo ẹbí rẹ̀ ló sì gbà pé ibẹ̀ náà ni yóò dàgbà sí. Ìyá rẹ̀, Àlààjà Bùsírátù, ń ṣe àdìrẹ, ó sì ń tà á fún àwọn oníbàárà tó ń ti Ìlọrin àti Kánò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sìlífátù jáde ìwé mẹ́fà, ó ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ tí yóò máa kun òun lọ́wọ́. Ó bá lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣàpọ́n, lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni Theophilus, ọmọ Aké kan tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́bàá títì. Íǹkì dúdú ló pàdé níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín títí tó fi lọ sílé ọkọ.

Iṣẹ́ tó kọ́ ni pé kó máa ṣa lẹ́tà òjé kéékèèké jáde nínú kéèsì tí wọ́n pín wọn sí, kí ó máa tò wọ́n sórí irin pẹlẹbẹ kan tó gbé lé ọwọ́ òsì, títí wọn yóò fi di ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ yóò fi di ìlà. Ojú òdì ni lẹ́tà náà máa ń kọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo ìwé nínú dígí. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi mọ́ ọn. Nígbà tó máa fi bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Títílọlá, òun ni igi lẹ́yìn ọgbà ọ̀gá rẹ̀. Theophilus kò pè é lórúkọ mọ́. Ìyá Títí ló ń pè é, bí àwọn oníbàárà náà ṣe ń pè é.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń béèrè ni àpótí aláwọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí kan ní Kòbìtì ló fà á. Wọ́n gbé ìwé àdúrà wá, wọ́n ní kí àdúrà kọ̀ọ̀kan dá dúró lójú ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i tètè rí i. Sìlífátù ronú sí i. Ó gé rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá ní onígun mẹ́rin bí àpótí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó po íǹkì funfun mọ́ díẹ̀ lára àwọ̀ ewé títí tó fi ṣí dáadáa, bí ó ṣe máa ń rí ìyá rẹ̀ tó ń bu omi la aró. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sójú bébà. Wọ́n sá a sórí okùn títí ó fi gbẹ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó wá tẹ àdúrà lé e lórí pẹ̀lú íǹkì dúdú. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rí i, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa aṣọ tuntun.

Láti ìgbà náà, kò sí ètò ìsìn ní Aké, kò sí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, kò sí ìwé ìrántí òkú tí wọn kì í fẹ́ fi àpótí sí. Ọ̀rọ̀ àdúrà, ọ̀rọ̀ ìbùkún, orúkọ olóògbé, inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Òfin kan sì wà fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé Sìlífátù ti tún orúkọ kan ṣe nígbà kan nínú ìwé òkú àwọn ìdílé kan, ó rò pé àṣìkọ ni, àfi bí àwọn ọmọ olóògbé ṣe ya wọ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní bí bàbá àwọn ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ta ló rán an níṣẹ́. Theophilus tọrọ gááfárà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó yíjú sí Sìlífátù.

“Ìyá Títí, gbọ́ mi dáadáa. Ìta àpótí, o lè tún un ṣe. Inú àpótí, bó ṣe wà nínú ìwé oníbàárà ni kó wà. Àlàfo tó bá fi sílẹ̀, fi sílẹ̀. Lẹ́tà tó bá gbàgbé, gbàgbé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni, kì í ṣe tiwa.”

Sìlífátù gbà. Òfin náà tilẹ̀ bá a lára mu, nítorí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a jà. Bí oníbàárà bá kọ̀wé rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, wọ́gọwọ̀gọ náà ni yóò tò ó, ìlà sí ìlà, òfìfo sí òfìfo, yóò sì fi àwọ̀ tó dára tẹ́ ẹ nídìí.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà padà gba ìjọba ni Olújìmí dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn oko sí Láfẹ́nwá ni, ó ń ta oògùn kòkòrò, oògùn koríko, àti ẹ̀tù kan tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà. Ọkùnrin tó mọ ara í tọ́jú ni, ó máa ń yọ̀ mọ́ ènìyàn. Ó gbé ìwé pélébé kan síwájú Sìlífátù.

“Ìyá Títí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi tẹ èyí. Gbogbo ẹni tó bá ra ẹ̀tù lọ́wọ́ mi, màá fún un ní ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí sínú àpótí yín yẹn. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí.”

Sìlífátù kà á. Olújìmí kọ ọ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ Yorùbá, láìsí àmì lórí, láìsí àmì nísàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé:

Bi e ba ti fi oogun yi si ewa
e ma je e
e ma gbin in
ko ni baje

Ó tún un kà. Ó fi ìka sí ìlà kejì, ó gbé e sí ìlà kẹta.

“Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí, ẹ̀wà tẹ́ ẹ ń wí yìí, ṣé wọ́n á jẹ ẹ́ ni àbí wọn ò ní jẹ ẹ́?”

“Ẹ̀wà tí wọ́n fi májèlé sí kẹ̀! Wọn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Gbígbìn ni kí wọ́n gbìn ín.”

“‘Má’ ni ti òkè nígbà yẹn, ‘máa’ ni ti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan náà lẹ kọ méjèèjì.”

Olújìmí rẹ́rìn-ín. “Ta ni kò ní mọ̀? Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn.”

“Ẹ jẹ́ kí n fi àmì sí i.”

Theophilus gbọ́ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé lẹ́tà tó ní àmì lórí kò pọ̀ nínú kéèsì àwọn, pé èyí tó wà ti gbó, ó sì mọ̀ pé oníbàárà náà ń kánjú. Ó ní, “Inú àpótí ni, Ìyá Títí.”

Sìlífátù gbé ìwé náà lé orí kéèsì. Lẹ́yìn náà ó béèrè àwọ̀ wo ni kí òun lò, ó ní pupa ni òun rò, nítorí ewu. Olújìmí ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, pupa yóò dẹ́rù ba àwọn àgbẹ̀, wọn ò ní rà á mọ́. Ó nawọ́ sí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, níbi tí ọ̀rọ̀ ìbùkún wà nínú àpótí aláwọ̀ ìyeyè.

“Irú eléyìí. Ó ń tàn. Ó ń dùn ún wò.”

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Sìlífátù po ìyeyè náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sá a, ó to ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ó ṣe bá wọn. Iṣẹ́ náà mọ́. Olújìmí yìn ín kó tó kó o lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le. Oúnjẹ gbówó lórí, ìrẹsì di ohun tí wọ́n ń tò fún, àwọn ará oko náà sì ń háwọ́ sí ohun tí wọ́n kó jọ. Sìlífátù kò ronú kan ìwé pélébé náà mọ́. Iṣẹ́ mìíràn wá bò ó mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú, ó bá obìnrin kan tó ti Ọ̀dẹ̀dá wá ra aṣọ. Obìnrin náà ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbègbè wọn, Àlààjà Bùsírátù sì káwọ́ lérí. Oníbàárà náà sọ pé ní Abúlé Ṣàngówùmí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnsànyà àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n ti ń yí nílẹ̀, ìtọ́ ń da lẹ́nu wọn. Kí wọ́n tó rí mọ́tò tí yóò gbé wọn dé ilé ìwòsàn, bàbá ti kú, àwọn ọmọ ti tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀, Ọ̀ṣungbèmí, wà lọ́jà. Òkú ló padà wálé bá.

“Wọ́n ní àbúrò ọkọ ló pa wọ́n,” obìnrin náà wí. “Fádáre. Òun nìkan ló mọ̀wé nílé yẹn. Wọ́n ní òun ló ka ìwé fún wọn pé kí wọ́n máa jẹ ẹ̀wà náà. Wọ́n ní ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.”

“Ìwé wo?” Sìlífátù béèrè.

“Ìwé kan báyìí. Ó ní ìyeyè láàárín.”

Àlààjà Bùsírátù rí i tí ojú ọmọ rẹ̀ yí padà, ó bi í kí ló dé. Sìlífátù dìde, ó gba ọ̀nà Ṣàpọ́n láìwọ bàtà tó bọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ìdajì ọ̀nà ni ó tó mọ̀ pé ilẹ̀ ń jó òun lẹ́sẹ̀.

Theophilus jókòó, ó ń nu íǹkì lọ́wọ́. Sìlífátù sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin náà dìde, ó yọ ọ̀kan nínú ìwé náà tí wọ́n fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó ń yí ètè, bí ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́nà méjì.

“Ọlọ́run mi,” ó wí.

“Mo fẹ́ lọ síbẹ̀, Ọ̀gá.”

“Kí lo fẹ́ lọ sọ? Ìyá Títí, bí a bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á lọ. Olújìmí ló kọ ọ́. A ò fi nǹkan kan kún un, a ò yọ nǹkan kan kúrò.”

“Ìyẹn náà ni mo fẹ́ lọ sọ.”

“Wọ́n lè lù ọ́ pa.”

“Wọ́n ń sọ pé Fádáre ló pa wọ́n.”

Theophilus wò ó. Kò ní kí ó lọ, kò sì ní kí ó má lọ. Ó ká ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì ni Sìlífátù wọ mọ́tò Ọ̀dẹ̀dá. Ọkọ rẹ̀, Láwàlì, kò mọ̀. Ó wà ní ìrìn-àjò ẹrù. Ibi tí mọ́tò já a sí, ẹsẹ̀ ló fi rìn ín dé abúlé, láàárín oko kòkó tí ewé rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ilẹ̀. Kò bá ariwo níbẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ wà níta, ẹnu ọ̀nà ilé kan wà ní títì, wọ́n fi màrìwò kọ́ ọ. Ó béèrè Baálẹ̀. Wọ́n mú un lọ sábẹ́ igi kan níbi tí Ṣàngówùmí, àgbàlagbà onírun funfun, jókòó sí. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó kí i kú àjálù. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ rí Ọ̀ṣungbèmí àti Fádáre, kí gbogbo àgbà sì wà níbẹ̀.

“Ta ni ọ́?” Ṣàngówùmí béèrè.

“Èmi ni mo tẹ ìwé náà, bàbá.”

Wọ́n pè wọ́n. Ọ̀ṣungbèmí jáde láti ilé kan, wọ́n ti fá irun orí rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Fádáre kò bọ́ sáàárín wọn. Ó dúró lẹ́yìn àká, ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ọmọkùnrin tó tó gbéyàwó ni, ṣùgbọ́n ó ti rù. Apá rẹ̀ kan wú níbi tí wọ́n ti nà án lọ́jọ́ ìsìnkú.

Sìlífátù tú ìwé náà. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Wọn ò lè kà á, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní nígbà tí àwọn rí àwọ̀ ìyeyè náà, àwọn rò pé ọ̀rọ̀ ire ló wà níbẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ni àwọn rí lára kàlẹ́ńdà tí àwọn ará ìlú máa ń gbé wá.

“Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n kà á,” ni Sìlífátù wí.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan: “Bí ẹ bá ti fi oògùn yìí sí ẹ̀wà, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ máa gbìn ín, kò ní bàjẹ́.” Ó dúró. Ó tún un kà: “Bí ẹ bá ti fi oògùn yìí sí ẹ̀wà, ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ máa gbìn ín, kò ní bàjẹ́.”



“Ọ̀rọ̀ kan náà ni,” ó wí. “Lẹ́tà kan náà. Ohun tó yẹ kó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á bí Fádáre ṣe kà á kò ṣì í kà. Bẹ́ẹ̀ ló wà. Nígbà tí mo ń tò ó, mo rí i. Mo béèrè. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì fi sílẹ̀.”

“O rí i?” Ọ̀ṣungbèmí ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

“Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi.”

“O rí i pé ó lè pa ènìyàn.”

Sìlífátù fẹ́ sọ pé òun kò rò ó dé ibẹ̀, pé àìdọ́gba lásán ni òun rí, ohun tí atẹ̀wé máa ń rí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó ní, “Mo rí i.”

Ọ̀ṣungbèmí na ọwọ́. Ó gba ìwé náà. Ó ní kí ó fi ibi tí ‘má’ wà han òun. Sìlífátù fi hàn án. Ó ní kí ó fi ibi tí àmì ìbá wà han òun. Sìlífátù fi èékánná kan tọ́ka sí òfìfo orí lẹ́tà náà, níbi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe ìyeyè. Ọ̀ṣungbèmí tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó fi ìka pa ibẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan lè jáde níbẹ̀.

“Kékeré báyìí,” ó wí.

Ó ju ìwé náà sílẹ̀, ó yí padà wọlé. Wọn ò gbọ́ igbe rẹ̀. Ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ṣàngówùmí pe Fádáre. Ó pè é títí kó tó wá. Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti yé òun báyìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ ilẹ̀ mọ́, kí ẹni tó na ọmọ náà bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Fádáre kò wò wọ́n. Sìlífátù ló ń wò.

Nígbà tí ó ń padà sí ojú títì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Fádáre ni. Wọ́n jọ rìn díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó ní ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Ọ̀dẹ̀dá ni òun ti kọ́ ìwé, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun lọ, ẹ̀gbọ́n òun ló ń bá òun ro oko ní àwọn ọjọ́ tí òun bá lọ. Ọjọ́ tí òun ka ìwé ìyeyè náà, Ògúnsànyà pàtẹ́wọ́. Ó ní, ẹ gbọ́ ọmọ mi.

“Ẹ ò ṣẹ̀,” ni Sìlífátù wí. “Bó ṣe wà lẹ kà á.”

“Bó ṣe wà ni mo kà á.” Fádáre tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. “Kí ni màá wá fi ìyẹn ṣe, Ìyá?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó yà sínú oko. Ní ìgbà tí òjò dé, ó kúrò ní abúlé náà, wọ́n ní ó ń ru bíríkì ní Ṣágámù. Ẹni tó bá a níbẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá gbé ìwé sí i níwájú, á ní òun ò mọ̀wé.

Ọlọ́pàá mú Olújìmí. Ó ní ‘má’ ni òun kọ, ó ní kí wọ́n wo ìwé àfọwọ́kọ òun. Wọ́n wò ó, wọn kò mọ èwo ni kí wọ́n mú. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Theophilus, wọ́n gba ti Sìlífátù náà. Lẹ́yìn náà ẹjọ́ náà rọlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe rọlẹ̀ lọ́dún yẹn. Olújìmí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì kó kúrò nílùú. Ẹ̀tù náà kò tán lọ́jà. Àwọn mìíràn ń tà á.

Èyí ni kò jẹ́ kí Sìlífátù jókòó. Ó lọ bá Theophilus, ó ní kí ó jẹ́ kí òun lo ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà ti gbó lójijì. Àwọn ìjọ tó ń gbé ètò ìsìn wá fún un ti ń gbé e lọ síbòmíràn. Ó wò ó, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

“Bébà wà lábẹ́ tábìlì,” ó wí. “Lò ó tán.”

Lẹ́tà òjé tó ní àmì kò sí èyí tó tóbi tó ohun tí ó fẹ́. Nítorí náà, kò to lẹ́tà rárá. Ó mú rọ́bà ilẹ̀, ó fi abẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀ ní ojú òdì, ó gbẹ́ àmì orí rẹ̀ gbòòrò bí ọmọ ìka. Nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú íǹkì pupa, gbogbo àpótí náà pọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní funfun láàárín rẹ̀: Ẹ MÁ JẸ Ẹ́. Abẹ ti gé e ní àtàǹpàkò, kò mọ̀ títí ó fi rí i pé pupa orí bébà kan kì í ṣe íǹkì. Ó sì ya àwòrán ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sí ìsàlẹ̀, fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Ó kó wọn lọ sí Láfẹ́nwá, ó kó wọn lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Ó ń fi wọ́n lé àwọn tó ń ta ẹ̀tù lọ́wọ́. Àwọn kan gbà á. Ọ̀kan fi wé iṣu sísun lójú rẹ̀. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí ọjà mi kú ni?” ó sì tì í jáde. Sìlífátù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìta.

Nígbà tí bébà tán, Theophilus ní kí ó sinmi nílé díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Kò ránṣẹ́ pè é mọ́, Sìlífátù náà kò sì lọ béèrè. Láwàlì bínú nígbà tó dé láti ìrìn-àjò. Ó ní ta ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ pé òun wà níbi tí òkú ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ó ti bínú tán, ó jókòó tì í. Àlààjà Bùsírátù ní tirẹ̀ sún àga ìdí aró kan fún un, ó gbé ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, kí aró má baà wọ ibẹ̀, lé e lọ́wọ́.

Ó ń ya aṣọ láti ìgbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ náà, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníkàmpálà kan máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ, orúkọ ẹgbẹ́ tàbí àdúrà, Sìlífátù kì í fọwọ́ kàn án. Títílọlá ló máa ń bá wọn ṣe é, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ bá ti jẹ́ kí ó kà á sókè títí ó fi sú u.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó lọ ra kànáfùrù ní Láfẹ́nwá, nítòsí ojú irin, ó rí Ọ̀ṣungbèmí. Irun rẹ̀ ti hù, ó ru agbọ̀n ọsàn. Àwọn méjèèjì rí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò pọ̀, kò sí ibi tí wọn lè yà sí. Sìlífátù rọ eékún sílẹ̀ láti kí i.

“Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọ̀ṣungbèmí sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ Sìlífátù, bí aró ṣe wọ inú èékánná rẹ̀.

“O ṣì ń tẹ̀wé?”

“Rárá. Mo ti fi í sílẹ̀.”

“Ta ló wá ń bá àwọn tó ń ta ẹ̀tù tẹ̀wé báyìí?”

Sìlífátù kò mọ̀. Ó ronú kan ṣọ́ọ̀bù tóóró náà, ó ronú kan kéèsì, ṣùgbọ́n kò tíì padà síbẹ̀ rí, kò mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀ṣungbèmí dúró dè é díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù fúnra rẹ̀, ó sì bá ọjà lọ.